Sí Dúpẹ́ Tó Ń Kọ́ Èdè Ìyá Àgbà Ọkọ Rẹ̀

Hayin Banki,
Kaduna.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Dúpẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ìyàgbà,

Mo kí ọ, mo kí Antón tí yóò fẹ́ ọ, mo sì kí ìyá àgbà rẹ̀ tí ẹ jọ ń gbé ní abúlé yẹn. Ṣé òjò yín ti ń sinmi díẹ̀? Ọyẹ́ ti dé síhìn-ín. Ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti bo aṣọ tí mo sá sẹ́yìnkùlé láti àná.

O ní kí n kọ̀wé sí ọ ní Yorùbá, kí n má fi Gẹ̀ẹ́sì là á, kí n sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ kí o lè kà á sókè bí wọ́n ṣe kọ́ yín nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo ti ṣe é. Má kánjú kà á. Èmi náà ò kánjú kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí o pè mí lẹ́yìn tí ẹ fi ọjọ́ ìgbéyàwó sí, ọ̀rọ̀ ayọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. O ní ìyá àgbà ń kọ́ ọ ní èdè Gàlísíà, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní galego, pé o ti lè sọ fún un pé òjò ń bọ̀, pé màlúù ti jẹun. Inú mi ń dùn. O bi mí pé, nínú Gíríìkì tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn oníwàásù àti galego tí ò ń kọ́ yìí, èwo ló le jù? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dáhùn ni ohùn rẹ yí padà. O bọ́ sí Hausa, o ní: “Baba, ina koyon yaren kakar wani, amma kalma ɗaya daga bakin mahaifiyata na kasa ganewa.” Pé ò ń kọ́ èdè ìyá àgbà ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ìyá tó bí ọ, o ò gbọ́ ọ yé. O ní nítorí ìyẹn ni Màmá ṣe dá nìkan kú. Lẹ́yìn náà o pa fóònù.

Ọmọ mi, láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mi ò mọ̀ pé ẹrù tí o gbé láti Kaduna dé ìlú òyìnbó nìyẹn. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọ̀nà tó mọ́ mi lára, nítorí olùkọ́ ni mí, bí mo bá já lu ọ̀rọ̀ náà tààrà, omi ojú ò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Èkíní. Má ṣe mi orí sí ohun tí kò yé ọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Kaduna láti wá kàwé, ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, mi ò gbọ́ Hausa ju “sannu” lọ. Bàbá arúgbó kan tó nílé ní Kawo ló fún mi ní yàrá. Gbogbo ohun tí bàbá náà bá sọ, “To, to, Alhaji” ni èmi, pé ó dáa. Ojú ń tì mí pé kí n sọ pé n kò gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó bá mi sọ̀rọ̀ títí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá mi léjìká. Èmi náà rẹ́rìn-ín. “To, Alhaji.” Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn, àgbò ni mo bá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, odidi agbo! Mo ti gbà láti máa bá a tọ́jú wọn títí di ọdún Iléyá. Dúpẹ́, àgbò jẹ ìwé Gíríìkì mi. Wọ́n jẹ ẹ́ tojú tẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọgbà náà ló rí mi tí mò ń fa ewé ìwé lẹ́nu àgbò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi ní Yorùbá ilé wa pé, “Bùrọ̀dá, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ni ‘ban gane ba.’ Kò yé mi. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ìyókù á máa bọ̀.” Màmá rẹ nìyẹn. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ mi nínú ayé nìyẹn, ìwọ náà gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní níbẹ̀ “non entendo” ni wọ́n ń pè é. Máa sọ ọ́ láìtijú, nílé àna, níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ pàápàá.

Èkejì. Má fojú tín-ínrín èdè kankan, má sì jẹ́ kí èdè kankan fi títóbi rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́.

Mo ní kí n dá ọ lóhùn ìbéèrè rẹ. Gíríìkì le jù. Nínú Gíríìkì àtijọ́, ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń pa ìrù dà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ènìyàn bá ń ṣe nǹkan, “ánthrōpos” ni. Bí nǹkan bá jẹ́ tirẹ̀, “anthrṓpou” ni. Bí wọ́n bá ṣe nǹkan sí i, “ánthrōpon” ni. Orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ oníwàásù ní Mando máa ń fẹ́ fọ́. Galego ti jáwọ́ nínú gbogbo ìyẹn. “Home” ni ọkùnrin, ì báà lù, ì báà jẹ́ òun ni wọ́n lù. Àwa náà kì í pa ìrù ọ̀rọ̀ dà. Ní ti èyí, ìyá àgbà sún mọ́ wa ju àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì lọ.

Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Látin ló bí galego. Gíríìkì ní ilé bàbá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jọ ṣe àlejò ara wọn pẹ́. Wo orúkọ ìyá àgbà. O ní nínú ìwé ìjọba, Eugenia ni, ṣùgbọ́n Uxía ni wọ́n ń pè é nílé, tí “x” náà sì ń dún bí “ṣ” wa. Gíríìkì ni orúkọ yẹn. “Eu” ni ire, ìyókù jẹ mọ́ bíbí. Abíire ni ìyá àgbà ń jẹ́, ọmọ mi! Abúlé òjò ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Sípéènì ni o ti lọ bá Màmá Abíire. Sọ fún un. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní Kaduna ló túmọ̀ orúkọ rẹ̀.

Òmíràn tún wà. Ohun tí Gíríìkì ń pè ní “parabolḗ,” òwe ni, àfiwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló rìn títí tó fi dé Gàlísíà, tó di “palabra,” tí ó kàn túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ lásán. Àwa ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹṣin ló sọ̀ kalẹ̀ tó di ẹni tó ń gùn ún.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ Gíríìkì, mo yangàn. Mo lọ sílé ní Ìyàgbà, mo ka ojú ewé kan nínú Májẹ̀mú Tuntun fún ìyá mi, mo ń dà á bí omi. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ó dùn. Ṣé wọ́n ń fi kí èèyàn?” Mo ní èyí tí mò ń kà yìí, wọn ò fi kí èèyàn mọ́, pé àwọn ará Gíríìsì ti òde òní ń sọ ọ́ bí ó ṣe yí padà. Ó ní, “Ó ṣe o.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá èdè tí kò mọ̀ rí kẹ́dùn! Inú bí mi nígbà náà. Mo rò pé aláìmọ̀kan ni. Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé ìbéèrè tó yẹ kí á kọ́kọ́ bi èdè ni ìyá mi bi í. Gíríìkì ti jókòó sórí àga àgbà, ó ní ìjọba, ó ní ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Galego dà bí ẹni tó ń háyà yàrá nínú ilé bàbá ara rẹ̀. O ní bí dókítà bá dé, ìyá àgbà á pa á tì, á bọ́ sí èdè Sípéènì, ohùn rẹ̀ á sì kéré. O ní Antón fúnra rẹ̀, bí ìyá àgbà bá fi galego bi í, Sípéènì ló fi ń dáhùn. Mo gbọ́ ìyẹn, mo mọ ìtàn náà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ilé tiwa náà nìyẹn. Yorùbá ni Màmá rẹ ń jù sí ọ, Hausa lo fi ń hán an. Kò sẹ́ni tó bínú. Hausa lo gbọ́ níta, òun lo fi ṣeré, òun lo fi kàwé, a sì rò pé ọjọ́ pọ̀ níwájú.

Ẹ̀kẹta wá nìyí, òun ni mo ń sá fún láti òkè wá.

Àmì tí mo ń fi sórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó gòkè àti èyí tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni irú àmì bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Ohùn tiwọn máa ń lọ sókè sódò nígbà kan bí tiwa. Nígbà tí àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn fi àmì sí i kí ohùn náà má baà sọnù. Ṣùgbọ́n ohùn náà sọnù. Àmì ló kù sórí ìwé. Lónìí, lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìsì àti lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ náà, ibi tí ó yẹ kí wọ́n tẹ ohùn mọ́ nìkan ni àmì ń fi hàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ mi ní Mando ní àmì ohùn tí èmi fúnra mi kò gbọ́ rí, tí ẹ̀dá alààyè kankan kò sì lè fún mi gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ni lójú mi. Mi ò mọ̀ pé ohun kan náà máa ṣẹlẹ̀ nínú yàrá mi.

O rántí bí Màmá rẹ ṣe ṣubú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún wa láti ọsibítù, àrùn rọpárọsẹ̀ náà ti mú apá ọ̀tún, ó mú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú Hausa. Yorùbá nìkan ló kù. O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá Ládì, aládùúgbò wa, wá kí i. “Sannu, Malama.” Màmá rẹ wò ó, ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó.” Màmá Ládì yíjú sí mi, “Me ta ce?” Mo sọ ohun tó wí fún un. Àwọn méjì tí wọ́n ti ń sọ àṣírí ara wọn lórí ògiri láti ìgbà tí a ti bí ọ, èmi ni mo wá ń dúró láàárín wọn bí ògbufọ̀. Àwọn méjèèjì sunkún. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyí, nítorí pé o máa ń wà níbi iṣẹ́. Yorùbá tó kù náà, ohùn ti kúrò nínú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀; pẹrẹsẹ ni, bí ilẹ̀ pápá. Lọ́jọ́ kan ó bi mí ní nǹkan. Mo gbọ́, mo dìde kíá, mo lọ mú ọ̀bẹ wá fún un. Ó wo ọ̀bẹ náà, ó wò mí. Ọbẹ̀ ló ń béèrè. Ó fi apá kan ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri. Èmi, Dúpẹ́. Èmi tí mo mu Yorùbá mọ́ ọmú ìyá mi, tí mo sì sùn tì í láti ìgbà èwe wa, mo gbé ọ̀bẹ fún aláìsàn tó ń fẹ́ ọbẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn yẹn, nígbà tí èémí rẹ̀ yí padà tó sì sọ fún ọ pé “ọkọ, ọkọ,” kò sí ọmọ Yorùbá kan, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, tó lè mọ̀ bóyá èmi ọkọ rẹ̀ ló ń pè tàbí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. O gbọ́ ọkọ̀. O bẹ́ síta, o sáré lọ sí títì Kawo. Lẹ́yìn náà lo wá mọ̀ pé èmi wà lẹ́yìn ilé, lọ́dọ̀ káfíńtà tó ń bá mi gbẹ́ ọ̀pá tí Màmá rẹ yóò máa fi tilẹ̀, pé bí o bá kígbe lẹ́ẹ̀kan màá gbọ́. Èyí ni o ti ń fi jẹ ara rẹ níyà.

Wá gbọ́. Màmá rẹ ò dá nìkan kú.

Káfíńtà tètè parí. Mo gbé ọ̀pá náà wọlé, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo pè ọ́, o ò dáhùn. Màmá rẹ wà lórí ẹní níbi tí o tẹ́ ẹ sí, ojú rẹ̀ là, ó ń mí. Mo jókòó, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ó ní, “Ọkọ.” Mo ní, “Ọkọ rẹ nìyí.” Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo wá rí sálúbàtà rẹ kan tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mo mọ ibi tí o sáré lọ. Mo ní, “Ọkọ̀ ń bọ̀. Dúpẹ́ ti lọ pè é.” Ó di ojú.

Mi ò mọ èyí tó béèrè títí dòní. Gbogbo ọjọ́ ayé wa, kò pè mí ní ọkọ mi rí. Baba Dúpẹ́ ni mí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí èèyàn ń pe ẹni tó fẹ́ràn nínú ọkàn? Mo dá a lóhùn méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó mí títí, èémí náà wá fẹ́lẹ́, ó sì dá. Kò pẹ́ sí ìyẹn ni mo gbọ́ ìró mọ́tò. O wọlé láìsí bàtà, awakọ̀ náà, Malam Sani, tẹ̀lé ọ. O kúnlẹ̀, o sì sọ ọ́ ní Yorùbá, èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ láti kékeré: “Màmá, ọkọ̀ ti dé.” Ohùn rẹ lọ sí ibi tó yẹ kó lọ. Malam Sani ló kọ́kọ́ rí ojú mi. Ó ṣí fìlà. Òun ló lọ pe Màmá Ládì wá.

Kí ló dé tí n kò sọ èyí fún ọ? Mo rò pé o rí orí rẹ̀ lórí itan mi, o sì mọ̀. Ìwọ rò pé òkú ni mo gbé lé itan. A sin ín nílé, a padà sí Kaduna, mò ń kí ọ ní Yorùbá láàárọ̀, ò ń dá mi lóhùn ní Hausa, ọ̀rọ̀ náà ò sì rí afárá gbà kọjá láàárín wa. Ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀ ni pé má ṣe rò láéláé pé ẹni tí ẹ jọ ń gbé mọ ohun tí ojú rẹ rí. Sọ ọ́. Bí o bá fi Sípéènì bẹ̀rẹ̀ tí ó há, fi galego parí rẹ̀. Bí ìyẹn náà bá há, fi ọwọ́ júwe. Ìbànújẹ́ tí ọkọ àti aya kò bá ara wọn sọ máa ń dàgbà ju ọmọ lọ.

Mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Jẹ́ kí n sọ ìyókù bó ṣe wá.

Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rí ọkàn sọ fún ọ pé bí o ṣe ń kọ́ èdè ìyá àgbà, Màmá rẹ lò ń dà. Kọ́ ọ, kọ́ ọ dáadáa. Ìyá àgbà ti darúgbó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe Màmá rẹ lè ṣe arúgbó èyíkéyìí, Sípéènì tó fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀ sì lè kọ́kọ́ lọ. Ìwọ ni kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wàá gbọ́ ohun tó ń fẹ́. Sọ fún Antón náà, pẹ̀lú sùúrù, pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìyá àgbà lóhùn ní èdè tó fi bi í. Má pariwo lé e lórí. Sọ ìtàn Màmá rẹ fún un, yóò yé e.

Bí Ọlọ́run bá fún yín lọ́mọ, bá a sọ èyíkéyìí tó bá wá sí ọ lẹ́nu. Mi ò ní sọ pé Yorùbá dandan. N kò ní ẹnu tí mo fi lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ orúkọ Màmá rẹ fún un.

Nípa ìgbéyàwó, má fi wíwá mi da ara rẹ láàmú. Eékún mi ò jẹ́ kí n lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìwé àṣẹ wọn ò sì rọrùn. Jẹ́ kí ìyá àgbà gbàdúrà fún ọ ní èdè tirẹ̀. Èmi ti gbà á níbí. Kí òtútù ilẹ̀ náà má wọ̀ ọ́ ní egungun. Kí ilé ọkọ rẹ gbà ọ́ bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba òjò. Kí o má pe ẹni tí kò ní jẹ́ ọ.

Ilé yìí dákẹ́, Dúpẹ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ìyàgbà wa níbí, bí mo bá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, “Ina kwana, Baba” ni wọ́n ń fi Hausa dáhùn. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ilẹ̀ á mọ́, á sì tún ṣú, láìjẹ́ pé mo gbọ́ ẹnikẹ́ni tó sọ Yorùbá àfi ara mi nígbà àdúrà.

Máa pè mí. Tí o bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, tí ó sì wọ́, mi ò ní tún un ṣe fún ọ. Ṣáà máa sọ ọ́ lọ. Èmi á máa gbọ́.

Èmi ni,
Baba rẹ.